Kéwú àti Ìwé Lábẹ́ Òrùlé Kan

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Kò sẹ́ni tí kò mọ òwe yìí láàárín wa. Síbẹ̀, bí àwọn mùsùlùmí àdúgbò bá fẹ́ dá ilé-ẹ̀kọ́ kéwú àti ìwé sílẹ̀, ilé ni wọ́n kọ́kọ́ ń sáré sí. Wọn á da owó sìmẹ́ǹtì jọ, wọn á wá bíríkìlà, lèmọ́mù á ṣàdúà sí ìpìlẹ̀. Ta ni yóò kọ́ ọmọ? Èló ni a óò máa san fún un lóṣù? Wọ́n á ní Ọlọ́run á ṣe é. Lójú tèmi, ìbéèrè méjèèjì yìí ló yẹ kó ṣáájú.

Ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe nǹkan tuntun. Nígbà tí òyìnbó ń ṣàkóso, ọwọ́ ìjọ Kìrìsítẹ́nì ni ilé-ìwé pọ̀ sí, ẹ̀rù sì ń ba òbí pé Súlè lè wọlé kó jáde ní Sámúẹ́lì. Ní 1896, ìjọba ṣí ilé-ìwé fún àwọn mùsùlùmí l'Ékòó. Ní 1923, wọ́n dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ níbẹ̀, kí ọmọ lè kàwé láì fi ẹ̀sìn sílẹ̀. Ní 1952, Sheikh Adam Abdullah Al-Ilori dá ilé-ẹ̀kọ́ Markaz sílẹ̀ l'Ábẹ́òkúta, ó sì gbé e lọ sí Agége ní 1955. Ilé-ẹ̀kọ́ tó ṣí láti ìlú kan sí òmíràn láàárín ọdún mẹ́ta tí kò tú, kì í ṣe ògiri ló gbé e ró.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àlùfáà àti tíṣà nílò ara wọn, ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ti ń ṣe sí wọn. Tíṣà ìṣirò ń gba owó oṣù. Àlùfáà, sàráà ni a ní kó máa wò. Wákàtí tí orí ọmọ jí pépé, a gbé e fún Gẹ̀ẹ́sì. Kéwú á wá bọ́ sí ìgbà tí oòrùn ti mú, tí ọmọ ń tòògbé. Ọmọ wo ni yóò gbà pé ohun tí a ń fún ní àjẹkù wákàtí ṣe pàtàkì? Kùránì tí a fẹ́ kó há sórí ń fẹ́ òwúrọ̀. Kó gba wákàtí àkọ́kọ́ lọ́jọ́ kan, kí ìṣirò gbà á lọ́jọ́ kejì, kí owó oṣù àlùfáà àti ti tíṣà sì bára dọ́gba. Ẹgba ilé-kéwú àtijọ́ ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, kó má bá wa wọ ibí.

Ẹ má sì fojú kékeré wo omi. Ìrun Àìlà máa ń bọ́ sí nǹkan bí aago kan ọ̀sán, kí ilé-ìwé tó jáde. Bí ọmọ 200 bá ń ṣe àlùwàlá níbi ẹ̀rọ omi mẹ́rin, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lo ìṣẹ́jú méjì, ìṣẹ́jú 100 ti lọ, ìrun kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń ya àwòrán ilé gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí, kó sì ya ibi àlùwàlá àti ilé ìyàgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin sọ́tọ̀.

Òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti 2004 ní kí gbogbo ọmọ lo ọdún mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti mẹ́ta ní girama kékeré. Nítorí náà, kéwú kò gbọ́dọ̀ jẹ iṣẹ́ tí ìjọba là sílẹ̀. Ọmọ tó há Kùránì tí kò lè jókòó fún WAEC, àwa la ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ilẹ̀ ńkọ́? Kó jẹ́ wákàfù, ìyẹn ilẹ̀ tí a yọ̀ǹda títí láé nítorí Ọlọ́run, kí ìwé rẹ̀ sì wà lórúkọ ìjọ, kí ọmọ ẹni tó fi í sílẹ̀ má baà padà wá gbà á lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀.

Kíláàsì kìíní nìkan ni kí a ṣí lọ́dún àkọ́kọ́, pẹ̀lú tíṣà kan àti àlùfáà kan tí a ti rí owó oṣù wọn fún ọdún kan gbáko. Lọ́dún kejì, kí a fi kíláàsì kejì kún un. Lọ́dún kẹfà, alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ á pé, a óò sì ti mọ iye yàrá tí girama ń fẹ́.