Aago Bàbá Mi: Ìlò Ni Tàbí Ìpamọ́?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti pẹ́ tí mo ti ń rò ó. Ọ̀rọ̀ náà ni pé: bí ènìyàn bá ní ohun tí ó dára, ṣé kí ó máa lò ó ni, tàbí kí ó pa á mọ́? Bí a bá kọ́kọ́ gbọ́ ìbéèrè yìí, a óò rò pé kò le rárá. Ẹnikẹ́ni ni yóò dáhùn pé ìlò ni a ń ra nǹkan fún. Ṣùgbọ́n kí olúkúlùkù wa padà sí ilé òbí rẹ̀, kí ó ṣí àpótí tí ó wà lábẹ́ ibùsùn. Yóò bá aṣọ òfì tí a kò ró ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ níbẹ̀. Yóò bá àwo tánganran tí a ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kàn títí àlejò pàtàkì yóò fi dé. Àlejò náà kò dé. Ẹ jẹ́ kí n fi aago ọwọ́ kan ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé òun ni ó kọ́ mi ní ìwọ̀nba ohun tí mo mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà.

Ní ọdún 1984, nígbà tí mo gba owó oṣù mi àkọ́kọ́, mo ra aago Seiko 5 kan fún bàbá mi. Kì í ṣe aago olówó ńlá. Aago tí olùkọ́, akọ̀wé àti awakọ̀ lè rà ni, bí wọ́n bá fara balẹ̀ tọ́jú owó. Bàbá mi, tí í ṣe àgbẹ̀, fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó sì súre fún mi títí omi fi bọ́ lójú mi. Láti ìgbà náà, ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni ó ń so ó mọ́ ọwọ́. Bí ó bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, yóò bọ́ ọ, yóò nù ún, yóò wé e, yóò sì dá a padà sínú páálí tí ó bá wá. Ní ọjọ́ mẹ́fà yòókù, aago àtijọ́ kan tí gíláàsì rẹ̀ ti là ni ó ń so lọ sí oko àti sí ọjà.

Ó kú ní ọdún 2003. Èmi ni wọ́n ní kí n ṣí àpótí rẹ̀. Mo bá aago náà nínú páálí, ó ń dán bí ọjọ́ tí mo rà á, ṣùgbọ́n ó ti dúró. Aago márùn-ún ku díẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ń tọ́ka sí, fèrèsé kékeré ojú rẹ̀ sì ń fi ọjọ́ Ìṣẹ́gun hàn. Ó yà mí lẹ́nu, nítorí mo mọ̀ pé bàbá mi kì í so ó ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó mòye rẹ̀. Bàbá mi ti bọ́ ọ ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi tí ó lọ sí ìsìn gbẹ̀yìn, aago náà sì dá nìkan rìn nínú òkùnkùn títí agbára rẹ̀ fi tán ní ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Bẹ́ẹ̀ ni ó ti ń ṣe láti ọdún mọ́kàndínlógún. Mo wá rántí pé ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kọ̀ọ̀kan, bàbá mi a máa jókòó ti rédíò, a máa yí orí aago náà kí ó lè bá àkókò mu. Èmi rò pé eré ni ó ń fi í ṣe.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé irú aago tí ó jẹ́, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Aago yìí kò ní bátìrì. Irin pẹlẹbẹ kan wà nínú rẹ̀ tí ó rí bí ìlàjì àwo. Bí ọwọ́ ẹni bá ti ń jù síwá sẹ́yìn, irin náà ń yí, yíyí rẹ̀ ni ó sì ń ká irin wíwé tí í ṣe agbára aago. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, John Harwood, ni ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú aago ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Switzerland ní ọdún 1924. Ní ọdún 1963 ni ilé-iṣẹ́ Seiko ti ilẹ̀ Japan gbé Seiko 5 jáde, kí ẹni tí kò lówó púpọ̀ lè ní irú rẹ̀. Ìgbà tí ó di ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1969, ilé-iṣẹ́ kan náà tún gbé Astron jáde, aago alábátìrì tí ń lo òkúta quartz, tí ó sì ń pe àkókò ju aago onírin wíwé lọ. Lónìí, aago alábátìrì tí kò wọ́n àti tẹlifóònù tí ó wà lápò wa ń sọ àkókò ju aago bàbá mi lọ. N kò jiyàn èyí. Ṣùgbọ́n aago alábátìrì kò bìkítà bóyá o so ó tàbí o kò so ó. Bí o bá tì í mọ́ àpótí, yóò máa rìn. Ti bàbá mi kò rí bẹ́ẹ̀. Ìrìn ẹni ni ó ń jẹ. A kò tilẹ̀ lè yí orí rẹ̀ láti fún un ní agbára, bí a ti ń ṣe fún àwọn mìíràn. Bí o bá so ó títí di alẹ́, yóò fi bíi ogójì wákàtí dúró dè ọ́. Bí o kò bá padà wá, ó parí.

Mo sọ èyí fún ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ jẹ́ olùkọ́. Mo ní bàbá mi fi aago náà du ara rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kò gbà. Ó ní: “Ìwọ ń wo ọjọ́ márùn-ún tí aago kò fi rìn. Èmi ń wo àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi tí bàbá rẹ fi ń jókòó tì í. Ohun tí a ń lò lójoojúmọ́ kì í pẹ́ di ohun tí a kò rí mọ́. Ìpamọ́ ni bàbá rẹ fi bu ọlá fún ọ.” Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí ní akínyẹmí ara. N kò tíì lè tì í sẹ́yìn pátápátá títí di òní.

Síbẹ̀, mo bi ara mi pé: kí ni bàbá mi ń bẹ̀rù? Òógùn, eruku, òjò, ọkọ́ àti àdá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí so aago náà, kí n lè mọ ibi tí àwọn nǹkan wọ̀nyí ti ń jà.

Okùn tí ó bá wá jẹ́ irin, èyí tí a ń pè ní ṣéènì. Ọwọ́ àgbẹ̀ ni a ti dín in mọ́. Lọ́wọ́ mi ó ń ṣe wọ̀ǹyẹ̀wọ̀nyẹ, ó sì ń fa irun ọwọ́ tu. Mo bọ́ ọ, mo ra okùn awọ, nítorí pé ó wù mí lójú. Awọ dára fún ẹni tí ń jókòó sí ibi tútù. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ tí a ti ń làágùn láti àárọ̀, òógùn wọ inú rẹ̀, ó le gbagidi, ó ń rùn, ihò rẹ̀ sì ya kí ọdún tó yí po. Mo rí okùn rọ́bà pẹ̀lú. Omi kò lè mú un, ṣùgbọ́n ó ń mú kí ọwọ́ gbóná. Ní ọjọ́ kan, bí mo ti ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Ọ̀jọ́ọ̀ n'Ìbàdàn, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó so okùn awọ náà mọ́ aago yọ. Aago bàbá mi já bọ́ sórí kọnkéré. Ara mi bù mọ́ra. Nígbà tí mo gbé e, ó ṣì ń rìn, ṣùgbọ́n gíláàsì rẹ̀ ti ha.

Mo gbé e tọ atún-aago-ṣe kan lọ. Ó tú u, ó sì fi hàn mí pé òróró inú rẹ̀ ti gbẹ. Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, inú páálí ni aago yìí ti gbé ìgbésí ayé rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní: “Ọ̀gá, òróró ò mọ̀ pé inú páálí lòun wà. Ó ń gbó lọ́wọ́ tiẹ̀ ni.” Ó fọ̀ ọ́, ó tún òróró fi sí i, ó sì fún mi ní okùn náílọ́ọ̀nù híhun kan, irú èyí tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi sára ohun èlò àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ní ọdún 1973. Ẹyọ kan ṣoṣo ni. Ó gba abẹ́ ọ̀pá kìíní, ó gba ẹ̀yìn aago, ó tún gba abẹ́ ọ̀pá kejì. Bí ọ̀pá kan bá yọ, ìkejì ṣì mú aago dání. A lè fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lálẹ́, kí ó gbẹ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó kọ́ mi pé kí n máa fi rúlà wọn àlàfo tí ó wà láàárín etí aago kí n tó ra okùn. Bí àlàfo bá jẹ́ mìlímítà 18, okùn 20 kò ní wọlé, okùn 16 yóò sì máa yẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bí mo ti fẹ́ máa lọ, ó ní: “Ọ̀gá, okùn ni kí ẹ jẹ́ kó gbó. Ẹ má jẹ́ kí aago gbó.”

Ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí ni mo ti ń wá. Púpọ̀ nínú ohun rere tí a ní ni ó ní apá méjì: apá kan wà tí a dá láti jìyà, apá kan sì wà tí a fẹ́ kí ó pẹ́. Ẹni tí ó kàn ń pa nǹkan mọ́ ń ro ti okùn, ó wá dá aago dúró. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹni tí ó kàn ń lo nǹkan nílòkulò kò sì sàn jù ú lọ: ó so okùn awọ wọ inú òjò, kò wo ọ̀pá rẹ̀ rí, aago bọ́ sọnù. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ṣùgbọ́n kò tún gbọdọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe àáké.

Ẹ jẹ́ kí a wò ó láàárín ara wa. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà tí kì í béèrè ohunkóhun ní kíláàsì, kí wọ́n má bàa fi í rẹ́rìn-ín. Ìtìjú ni okùn, ìmọ̀ ni aago. Olùkọ́ kan wà tí kì í yá ẹnikẹ́ni ní ìwé, kí ẹ̀yìn rẹ̀ má bàa ya. Ẹ̀yìn ìwé ni okùn, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni aago. Àwa tí a kó ara wa jọ nítorí èdè Yorùbá ńkọ́? Bí ọmọ wa bá sọ ọ́ ní àsọdà, a ń fi í ṣe ẹ̀sín títí yóò fi dákẹ́, a ó sì tọ́jú èdè tí ó jinlẹ̀ pamọ́ de ọjọ́ àṣeyẹ. Àṣìṣe ọmọ ni okùn. Kò burú bí ó bá gbó. Ìrìn ahọ́n ni aago náà ń jẹ.

N kò sọ pé kò sí ohun tí ó yẹ ní ìpamọ́. Aṣọ kan ṣoṣo tí ìyá-ìyá ẹni hun kò ní okùn. Gbogbo rẹ̀ ni aago. Bí a bá ró o lójoojúmọ́, yóò lọ, kò sì sí ọjà tí a ó ti rà á padà. Níbẹ̀, mo gbà fún ọ̀rẹ́ mi. Ìbéèrè tí ó yẹ kí ó ṣáájú ni pé: kí ni okùn ohun yìí? Bí ó bá ní okùn, kí a lò ó. Bí kò bá ní, kí a pa á mọ́, kí a sì mọ̀ pé ìpamọ́ pàápàá kì í dá ọjọ́ orí dúró.

Ní ti ìrántí tí ọ̀rẹ́ mi sọ, òótọ́ ni ó sọ pé ìlò a máa mú kí a gbàgbé. Nítorí náà, mo ti mú ohun kan lọ́wọ́ bàbá mi. Aago náà máa ń sáré díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, mo máa ń jókòó ti rédíò, mo máa ń yí orí rẹ̀ kí ó lè bá àkókò mu. Gíláàsì rẹ̀ ti ha, èmi ni mo sì fà á. Okùn kẹfà ni ó wà lára rẹ̀ nísinsìnyí. Bí mo bá rí ojú hínhá náà, ó ń dùn mí, mo sì ń bi ara mi bóyá bàbá mi yóò bínú. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní ìdájí, ó ṣì máa ń rìn.

Èrò tèmi nìyí. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá rí ọ̀rọ̀ náà lọ́nà mìíràn, kí ó fèsì.