Ohun Tó Dé Bá Àwọn Ọmọ Wa ní Middlesbrough

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, àwọn ọmọ Nàìjíríà kan kóra jọ sí ọgbà Yunifásítì Teesside, ní ìlú Middlesbrough ní Ìlú Ọba, wọ́n ń fẹ̀hónú hàn. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ti yọ orúkọ wọn kúrò lára akẹ́kọ̀ọ́. Ó ti fi ẹjọ́ wọn tó Home Office létí, ìyẹn ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí físà, wọ́n sì ti sọ fún wọn pé kí wọ́n máa lọ sílé. Wọn ò jalè. Wọn ò jí ìwé wò nínú ìdánwò. Owó ilé-ìwé ni wọn ò rí san pé.

Ìwọ tó ń múra àtilọ kàwé lókè òkun, jókòó ná, kí o gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí dé ìdí.

BBC ló gbé ìròyìn náà jáde. Obìnrin kan wà láàárín wọn tó ní òun ti san ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá owó òun. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti ń parí lọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni owó kò bọ́ sí àsìkò, wọ́n sì lé e. Ó sá sókè sá sódò, ó san gbogbo èyí tó kù, síbẹ̀ ó ní wọ́n sọ fún òun pé òun ò lè padà wọlé mọ́. Ẹlòmíràn sọ pé ayé sú òun débi pé òun ò lè jẹ, òun ò lè mu.

Kí ló kó bá wọn? Náírà ni. Nígbà tí ọ̀pọ̀ wọn ń ṣètò ìrìn-àjò, dọ́là kan ò tó 500 náírà ní báńkì. Ní oṣù Kẹfà 2023, ìjọba Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú jọ̀wọ́ náírà sílẹ̀ kí ọjà máa sọ iye rẹ̀. Kí oṣù Kejì 2024 tó parí, dọ́là kan ti kọjá 1,500 náírà, pọ́n-ùn náà sì gùnkè bẹ́ẹ̀. Ká ní ohun tó kù tí ẹnì kan fẹ́ san jẹ́ dọ́là 8,000. Ohun tí kò tó mílíọ̀nù mẹ́rin náírà tẹ́lẹ̀ ti di mílíọ̀nù méjìlá. Ta ni òṣìṣẹ́ ìjọba tí owó oṣù rẹ̀ sáré bá ìyẹn? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà tún ní ẹ̀ẹ̀meje ni àwọn ń pín owó san tẹ́lẹ̀, kí ilé-ẹ̀kọ́ tó sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀mẹta.

Yunifásítì náà ní tiwọn sọ pé ẹni tí kò sanwó ti rú òfin tó so mọ́ físà, àti pé kò sí ohun tí àwọn lè ṣe ju kí àwọn fi tó ìjọba létí. Èmi gbà pé àánú yẹ kó wọ ọ̀rọ̀ náà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìwọ ò lè gbé ẹ̀mí ara rẹ lé àánú àlejò.

N ò sọ pé aláìgbọ́n ni àwọn ọmọ yìí. Owó àwọn kan pé ní náírà lọ́jọ́ tí wọ́n fi ilé sílẹ̀. Náírà ló yọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló wọ ọkọ̀ òfurufú nígbà tí gbèsè tó kù jẹ́ ti pọ́n-ùn, tí ohun tí wọ́n fẹ́ fi san án sì jẹ́ náírà tàbí ìrètí. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí o dúró sí, nítorí ibẹ̀ ni ìwọ náà wà báyìí.

Mo ti rí ìwé ìṣirò tí àwọn ajẹ́ńtì tó ń bá èèyàn ṣètò ìlọ òkè òkun máa ń kọ fún òbí, níbí ní Alágbàká, ní Àkúrẹ́. Ìwé pelebe kan ni, wọ́n fi bírò kọ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀: ìdajì owó ilé-ìwé tí wọ́n á kọ́kọ́ gbà kí CAS, ìyẹn ìwé tí yunifásítì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ láti fi bèèrè físà, tó jáde, owó físà, owó ìlera tí ìjọba wọn ń gbà sílẹ̀, owó àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ, owó tíkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á fa ìlà sí i nídìí, wọ́n á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ìdajì kejì ò sí níbẹ̀ rárá.

Ìyá tó jáde láti sẹkitéríàtì lọ́sàn-án, tó ti yá owó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, á bèèrè pé, "Èyí tó kù ńkọ́, bọ̀dá?" Wọ́n á dá a lóhùn pé, "Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Ẹ jẹ́ kó ṣáà kọ́kọ́ débẹ̀ ná. Tó bá débẹ̀, á máa ṣiṣẹ́, á máa san án díẹ̀díẹ̀." Ìyá á mi orí. Ọmọ á rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ níbẹ̀ yẹn, kí ẹnikẹ́ni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni físà gba akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti ṣiṣẹ́ nígbà tí ilé-ìwé bá wà nínú sáà. Ní oṣù Kẹrin 2023, owó iṣẹ́ tó kéré jù fún àgbàlagbà níbẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn 10.42 fún wákàtí kan. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bí pọ́n-ùn 208 lọ́sẹ̀, tàbí nǹkan bí 900 lóṣù. Ní àkókò kan náà, Home Office fúnra rẹ̀ ṣírò pé pọ́n-ùn 1,023 lóṣù ni ẹni tí kò gbé Lọ́ńdọ̀nù máa nílò láti jẹun, láti sanwó yàrá, láti wọ ọkọ̀. Iye méjèèjì ti lọ sókè láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n wò ó dáadáa: gbogbo owó iṣẹ́ rẹ kò tíì kájú oúnjẹ àti yàrá. Níbo ni owó ilé-ìwé yóò ti jáde? Bí o bá ṣiṣẹ́ kọjá wákàtí 20, o ti rú físà. Bí o bá fi orúkọ ẹlòmíràn ṣiṣẹ́, ẹ̀ṣẹ̀ ni níwájú ìjọba àti níwájú Ọlọ́run. Àwọn kan máa ń gbára lé ọkọ tàbí ìyàwó tó máa bá wọn lọ ṣiṣẹ́ ní kíkún. Láti oṣù Kìn-ín-ní 2024, ọ̀pọ̀ jù lọ akẹ́kọ̀ọ́ ò lè mú ẹbí dání mọ́, àfi àwọn bíi olùwádìí PhD.

Nítorí náà ni Home Office ṣe ní kí owó oúnjẹ àti yàrá, pẹ̀lú èyí tó bá kù nínú owó ilé-ìwé ọdún àkọ́kọ́, wà nínú àkáǹtì fún ọjọ́ 28 kí o tó bèèrè físà. Kí ni àwọn èèyàn wa sọ ọ́ dà? Wọ́n sọ ọ́ di òwò. Ẹnì kan á kó owó rẹ̀ sínú àkáǹtì rẹ, ìwọ á san èlé, ọjọ́ 28 á pé, á kó owó rẹ̀ lọ. Wọ́n ń pè é ní POF, ìyẹn "proof of funds", ẹ̀rí pé owó wà. Mo bẹ̀ ọ́, má ṣe é. Irọ́ ni. Bí wọ́n bá mú ọ, wọ́n lè fi ọdún 10 ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ. Bí wọn ò bá sì mú ọ, ìwọ lo máa dé Middlesbrough tàbí Coventry nínú òtútù láìní owó tí o fi hàn wọ́n pé o ní.

Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó tiwa yìí, àwọn kan ń ta oko kòkó láti fi rán ọmọ lọ. Ní 2022, tọ́ọ̀nù kòkó kan lágbàáyé ò tó dọ́là 3,000. Ní oṣù Kẹrin 2024, ó ti kọjá 10,000. Oko ló ń mú dọ́là wọlé nínú gbogbo ohun tí ìdílé náà ní, òun ni wọ́n sì gba náírà lé lórí, láti lọ jẹ gbèsè pọ́n-ùn. Bí bàbá rẹ bá fẹ́ tà á, fi ìfẹ́ bá a sọ̀rọ̀: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀."

Kọ̀wé sí yunifásítì fúnra rẹ, má ṣe gba ọ̀rọ̀ ẹnu ajẹ́ńtì. Bi wọ́n léèrè iye ìgbà tí o lè pín owó san, ọjọ́ tí ìkọ̀ọ̀kan bọ́ sí, àti ohun tí wọ́n máa ṣe bí ọ̀kan bá kọjá ọjọ́. Ìdajì kejì náà, rí i pé ó ti wà nílẹ̀ ní pọ́n-ùn tàbí dọ́là, nínú àkáǹtì dọmisílíárì, kí o tó gbéra. Bí o bá ti wà lọ́hùn-ún tí owó há, má ṣe sá pamọ́, má sì jẹ́ kí ìtìjú dí ọ lẹ́nu. Lọ bá wọn ní ọ́fíìsì kí ọjọ́ tó pé, kí o sì mú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ dání.

Bí ìṣirò rẹ ò bá sì pé lónìí, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wọn ló ń gba èèyàn wọlé ní oṣù Kẹsàn-án àti ní oṣù Kìn-ín-ní. Kọ̀wé pé o fẹ́ sún ìgbàwọlé rẹ síwájú, kí o tó san kọ́bọ̀ kankan, kí o sì máa bá iṣẹ́ rẹ lọ níbí ní Àkúrẹ́ títí owó yóò fi pé.