Fàájì Ìlú àti Ẹ̀sìn Wa: Níbo ni Ààlà Wà?

Ẹni tó bá rìn ní Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ Iléyá, tàbí tó gba àdúgbò Under G kọjá ní Ògbómọ̀ṣọ́ lálẹ́, yóò gbọ́ ìlù àti orin. Àwọn ọmọ Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá á jókòó nídìí tíì àti ẹran sísun, wọn á máa fetí sórin, wọn á máa rẹ́rìn-ín. Àwọn òbí a máa bi àwa olùkọ́ ilé-kéwú pé: ṣé ó yẹ kí ọmọ Mùsùlùmí wà níbẹ̀?

Kí á tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí á jẹ́wọ́ ohun kan. Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, ọmọ ìdílé Àyàn kan wà lọ́dọ̀ wa. Ọpọlọ rẹ̀ pé, ohùn rẹ̀ sì dùn nídìí Alùkùránì. Baba rẹ̀ a máa mú un lọ sóde ìlù. A sọ fún un pé wàláà àti gángan kò lè jọ gbé ọwọ́ kan, kó mú ọ̀kan. Ó mú ìlù, nítorí òun ni oúnjẹ ilé wọn. A rò pé ẹ̀sìn ni a gbèjà. Ìgbà tó yá la rí i pé ọmọ la lé kúrò nídìí Alùkùránì, ìlù kò sì torí ìyẹn dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kọfí tí gbogbo ayé ń mu lónìí, àwọn Súfí ilẹ̀ Yemen fi ń lé oorun lọ kí wọ́n lè ṣe síkírì lóru. Nígbà tó dé Mẹ́kà, àwọn ènìyàn sọ ìdí kọfí di ibùjókòó fàájì. Lọ́dún 1511, aláṣẹ kan níbẹ̀, Khair Beg, kó àwọn àáfáà jọ, ó sì fòfin de kọfí. Ṣùgbọ́n àṣẹ tó ti Káírò wá lẹ́yìn náà kò ka kọfí fúnra rẹ̀ léèwọ̀. Ìjókòó tí wọ́n ń ṣe nídìí rẹ̀ ló bá wí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni wéré tiwa rí. Orin tí wọ́n fi ń jí wa sí sààrì nínú Ràmàdáànì ni. Inú rẹ̀ ni Síkírù Àyìndé Barrister ti yọ fújì jáde. Ọba Lámídì Adéyẹmí Kẹta, Aláàfin tó jẹ́ Mùsùlùmí, dé Sàláwà Àbẹ̀ní ládé orin wákà lọ́dún 1992, ó sì fi Wàsíù Àyìndé jẹ Máyégún ilẹ̀ Yorùbá lọ́dún 2020.

Àwọn àáfáà kan ní gbogbo orin ni èèwọ̀. Wọ́n di àlàyé tí Ibn Mas'ud ṣe lórí Súrà Lukmọ́ọ̀nù mú. A kò fojú tẹ́ńbẹ́lú wọn. Ṣùgbọ́n hadíìsì Bukhari sọ fún wa pé àwọn ọmọbìnrin méjì ń lùlù, wọ́n ń kọrin lọ́dọ̀ Áíṣà lọ́jọ́ Ọdún. Abu Bakr bá wọn wí, Ànábì sì ní kó fi wọ́n sílẹ̀. Àwọn ará Ábísíníà fi ọ̀kọ̀ ṣeré nínú mọ́sálásí, Ànábì sì jẹ́ kí Áíṣà wò ó tẹ́rùn. Imam Ghazali náà yẹ ọ̀rọ̀ orin wò fínnífínní. Kì í ṣe ohùn nìkan ló wò, ó wo ọ̀rọ̀ inú orin, ẹgbẹ́ tó yí i ká, àti ohun tó ń rú sókè nínú ọkàn.

Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta ni a ń fún àwọn ọmọ wa lọ́wọ́. Ṣé ìrun kò bọ́? Kí ló wà nínú ife, kí ló sì wà nínú orin náà? Ṣé fàájì ni, àbí ìjọsìn fún ẹlòmíràn? UNESCO fi Ọdún Ṣàngó Ọ̀yọ́ sínú ìwé ogún àṣà àgbáyé lọ́dún 2023. Níbi tí eré bá ti di ẹbọ, a ó dúró lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n Alùkùránì kọ̀ fún wa láti bú ohun tí ẹlòmíràn ń sìn, nítorí náà a kò ní bú ẹni tó ni ọdún rẹ̀.

Àṣejù, baba àṣetẹ́ ni, nínú fàájì àti nínú ìkàléèwọ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Lọ́dún tó kọjá, onílù wa yẹn mú ọmọ tirẹ̀ wá fún wa. A gba ọmọ náà, a fún un ní wàláà. A kò bi í bóyá gángan wà lára ògiri ilé wọn. Kí Ọlọ́run Ọba dárí jì wá, kí Ó sì fi ààlà hàn wá. Àmín.