Ta Ni Yóò Kọ́ Ọmọ ní Ilé Kíkọ́?

(Ẹ̀gbọ́n jẹ́ bíríkìlà àgbà ní ìlú Oǹdó, àbúrò rẹ̀ ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yíya àwòrán ilé ní Àkúrẹ́.)

Ẹ̀GBỌ́N: Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan wá bá mi. Wọ́n wọn ògiri, wọ́n bi mí bí a ṣe ń po amọ̀, bí a ṣe ń jẹ́ kí ìpele kan gbẹ kí a tó gbé òmíràn lé e. Wọ́n fi gboyè, orúkọ mi kò sí níbẹ̀. Ṣé ó tọ́?

ÀBÚRÒ: Kò tọ́ rárá. Àmọ́ kí ẹ wá kọ́ wọn ní kíláàsì bí ẹ ṣe ń fẹ́? Ìwé ẹ̀rí ni wọn yóò kọ́kọ́ béèrè.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìwé wo ni àwọn tó kọ́ ààfin àtijọ́ ti Déjì, ọba Àkúrẹ́, ní? Uà, ìyẹn àgbàlá, ibẹ̀ lé ní 15. Ti ìkómọ wà lọ́tọ̀. Inú Uà Ubúra, ìbúra nìkan ni wọ́n ń ṣe. Ẹni tó pín àyè báyẹn ti ronú jinlẹ̀ nípa ìlú.

ÀBÚRÒ: N kò lè jiyàn ìyẹn. Àwọn ará Japan náà rí irú rẹ̀. Òyìnbó Josiah Conder dé Tókíò ní 1877 láti kọ́ wọn ní yíya àwòrán ilé. Tatsuno Kingo, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ní ayàwòrán ilé William Burges bi í nípa ilé ìbílẹ̀ wọn, kò rí èsì fọ̀. Ní 1889, wọ́n mú Kigo Kiyoyoshi, káfíńtà ààfin, wá sí yunifásítì kó máa kọ́ni nípa ilé ìbílẹ̀ náà.

Ẹ̀GBỌ́N: Káfíńtà! O mọ èyí, o sì ń bi mí ní ìwé ẹ̀rí?

ÀBÚRÒ: Ẹ gbọ́ ìyókù, ẹ̀gbọ́n mi. Ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 1923 pa èèyàn tó lé ní 100,000 níbẹ̀. Bí ilé alájà bá wó pa ọmọlọ́mọ, ta ni a óò mú? Ìṣirò irin àti kọnkéré ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ha ní kí o má kọ́ wọn ní ìṣirò? Ìwọ lo mọ irin. Èmi mọ òjò Oǹdó: èyí tó ń ta láti ilẹ̀ ló ń jẹ ìdí ògiri, ìdí nìyẹn tí a fi ń na etí òrùlé síta dáadáa. Ẹni tí kò fọwọ́ kan amọ̀ rí kò lè mọ̀ ọ́n.

ÀBÚRÒ: Bí ẹ bá wá ní ọmọ kan kò mọṣẹ́, tí máàkì tèmi sì ní ó mọ̀ ọ́n ńkọ́?

Ẹ̀GBỌ́N: Kó dúró títí yóò fi mọ̀ ọ́n.

ÀBÚRÒ: Yóò le fún àwọn òbí tó ń sanwó o. Ṣùgbọ́n màá gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ wa. N kò ní tọrọ owó ọkọ̀ fún yín. Owó-oṣù olùkọ́ ni màá béèrè.