Ṣé Ẹni Tó Ń Tàsé Lè Di Atamátàsé?

Atamátàsé ni àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò máa ń pe agbábọ́ọ̀lù iwájú. Inú iṣẹ́ ọdẹ ni wọ́n ti mú orúkọ náà wá: ẹni tó ń ta ọfà tí ọfà rẹ̀ kì í tàsé. Orúkọ iyì ni, ṣùgbọ́n ẹrù tún ni lórí ẹni tó ń jẹ́ ẹ. Bí ẹni tí a ń pè bẹ́ẹ̀ bá lo oṣù mẹ́fà tí góòlù rẹ̀ kò tó nǹkan, kí ni kí a máa pè é? Ṣé a lè retí pé nígbà tí ìdíje bá le jù lọ, tí gbogbo ojú ń wò ó, ìgbà náà ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ wá máa gbá góòlù wọlé?

Mo fẹ́ fi eré kan tí kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa dáhùn ìbéèrè yìí, ìyẹn họ́kì orí yìnyín. Ní líìgì NHL, tó wà ní Kánádà àti Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ọdún ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan fi gbá ìdíje 82 ní sáà kan. Lẹ́yìn èyí, ikọ̀ 16 péré ni yóò wọ ìpele àṣekágbá. Níbẹ̀, ikọ̀ méjì yóò máa kojú ara wọn títí ọ̀kan yóò fi borí lẹ́ẹ̀mẹrin. Ikọ̀ tó bá fẹ́ gba ife Stanley gbọ́dọ̀ borí ikọ̀ mẹ́rin ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Bàtà onírin ni wọ́n ń wọ̀, wọ́n sì ń fi ọ̀pá lé róbà dúdú pẹlẹbẹ kan kiri lórí yìnyín. Nínú mẹ́wàá tí wọ́n bá ta tó dé ọ̀dọ̀ aṣọ́lé, aṣọ́lé ń mú bíi mẹ́sàn-án. Ẹ ò rí i pé títàsé gan-an ni iṣẹ́ ojoojúmọ́ atamátàsé ibẹ̀!

Ọmọ Yorùbá kò ṣàjèjì sí ìtàn eré yìí. Jarome Iginla, tí wọ́n bí ní Kánádà, jẹ́ ọmọ bàbá tó ti Nàìjíríà lọ sí ibẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá kò nílò kí a túmọ̀ orúkọ náà fún un: igi ńlá ni. Ikọ̀ Calgary Flames ni Iginla bá gbá jù lọ. Ní sáà kejì rẹ̀, 1997 sí 1998, góòlù 13 péré ni ó gbá wọlé nínú ìdíje 70. Ní sáà 2001 sí 2002, ó gbá 52 wọlé, kò sì sí ẹni tó gbá tó o ní gbogbo líìgì. Ní 2004, ó gbá góòlù 13 ní ìpele àṣekágbá, ó sì bá ikọ̀ rẹ̀ dé ìdíje keje tó kẹ́yìn pátápátá kí Tampa Bay tó borí wọn. Ẹni tó wò ó ní 1998, èhù ni ó rí. Èhù náà ni ó di igi ńlá.

Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọdé ni Iginla nígbà náà, ẹnikẹ́ni lè sọ pé ó kàn ń dàgbà ni. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n mú ẹlòmíràn tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2014, Calgary yan ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sam Bennett, òun sì ni ẹnì kẹrin tí wọ́n yàn nínú gbogbo ọ̀dọ́ tí àwọn ikọ̀ yàn lọ́dún náà. Kí wọ́n tó yàn án, níbi tí wọ́n ti ń dán agbára àwọn ọ̀dọ́ wò, kò lè fi apá fa ara rẹ̀ sókè lórí ọ̀pá, àní lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ náà sì tàn káàkiri. Ní sáà 2015 sí 2016, ó gbá góòlù 18 wọlé. Ní àwọn sáà mẹ́rin tó tẹ̀ lé e, ohun tí ó rí ni 13, 11, 13 àti 8. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹrin ọdún 2021, ó ti gbá ìdíje 38 ní sáà náà, góòlù mẹ́rin péré ni ó ní. Calgary yọ̀ǹda rẹ̀ fún ikọ̀ Florida Panthers.

Nínú ìdíje mẹ́wàá tó gbá fún Florida kí sáà náà tó parí, ó gbá góòlù mẹ́fà wọlé. Florida gba ife Stanley ní 2024, wọ́n sì tún gbà á ní 2025. Ní 2025 yìí, góòlù 15 ni Bennett gbá ní ìpele àṣekágbá, kò sí ẹni tó gbá tó o. Mẹ́tàlá nínú rẹ̀ jẹ́ ní ilé onílé, níbi tí àwọn òǹwòran ti ń pariwo mọ́ ọn. Òun ni wọ́n fún ní àmì-ẹ̀yẹ Conn Smythe, èyí tí wọ́n ń fún ẹni tó ta yọ jù lọ ní ìpele náà.

Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Ṣé inú ọkọ̀ òfurufú láti Calgary sí Florida ni ọwọ́ rẹ̀ ti yí padà ni? Rárá o. Ohun tó yí padà ni àyè tí ó rí. Ní Calgary, wọ́n máa ń gbé e láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, àkókò tí ó sì ń lò lórí yìnyín kò pọ̀. Ní Florida, wọ́n fi í sí àárín, wọ́n fún un ní àkókò púpọ̀ sí i, wọ́n sì fi àwọn tó mọ róbà fún ún níbi tó yẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ohun tí kò yí padà ni pé ó máa ń lọ síwájú aṣọ́lé gan-an, níbi tí wọ́n ti ń fi èjìká àti ọ̀pá lu èèyàn. Ibẹ̀ ni góòlù ti ń wá, ọ̀pọ̀ kò sì fẹ́ dúró síbẹ̀. Àní nígbà tó ṣì wà ní Calgary, ní ìpele àṣekágbá ọdún 2020, ó gbá góòlù márùn-ún nínú ìdíje mẹ́wàá. Àmì ti wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ rí i. Iye góòlù inú sáà ni ó bo àmì náà mọ́lẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan lè ta kò mí pé oríire lásán ni. Ẹni náà lè mú John Druce wá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ní sáà 1989 sí 1990, Druce gbá góòlù mẹ́jọ péré fún Washington Capitals, àmọ́ nígbà tí ìpele àṣekágbá dé, ó gbá 14 nínú ìdíje 15. Kò tún ṣe irú rẹ̀ mọ́ títí ó fi fi eré náà sílẹ̀. Mo gbà pé òótọ́ ni. Ìdíje 15 kéré, oríire sì lè pọ̀ nínú ohun tó kéré. Nítorí náà, gbígbá góòlù ní ìpele àṣekágbá kan yàtọ̀ sí kí èèyàn di atamátàsé. Ṣùgbọ́n oríire kì í wá ẹni tó jókòó sílé. Druce ní láti wà níwájú aṣọ́lé kí róbà náà tó lè bá a níbẹ̀.

Níbi tí mo ti rí ọ̀rọ̀ ìwà nínú gbogbo èyí nìyí. Ìwà àìtọ́ méjì ni a máa ń hù sí ẹni tó ń tiraka. Èkíní ni kí a fi ojú àná wò ó, kí a ní, "Kò lè ṣe é láéláé." Gbogbo wa mọ̀ pé ìyẹn kò dára. Èkejì fara pa mọ́ nítorí pé ó dà bí inú rere: kí a sọ fún un pé, "Ṣáà máa gbìyànjú, ó dájú pé wàá dé ibẹ̀." Ta ló fún wa ní ìdánilójú yẹn? Ọ̀pọ̀ ló gbìyànjú tí wọn kò dé ibẹ̀. Bí a bá ti kọ́ wọn pé ìgbìyànjú nìkan ló kù, a ti fi ẹ̀bi kún àdánù wọn nìyẹn.

Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ yìí ju eré lọ. Àbúrò mi ọkùnrin wà ní JSS 3, ó sì ti gba odo nínú ìṣirò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nílé wa báyìí, wọ́n ń rò ó bóyá kí ó fi ilé-ìwé sílẹ̀, kí ó lọ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ kì í ṣe ìyà, ẹni tó bá fẹ́ ẹ ló yẹ kó ṣe é. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a fi ṣe ìdájọ́ fún ọmọ tó kùnà. Mo yẹ ìwé ìṣirò rẹ̀ wò. Ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́ sábà máa ń tọ̀nà, ìlà kẹrin ni ó ti máa ń tàsé. Wọ́n ju ọgọ́rin lọ nínú kíláàsì wọn, ìdáhùn tó kẹ́yìn nìkan ni wọ́n ń ráyè wò. Èmi kò lè ṣèlérí fún àwọn òbí wa pé àbúrò mi yóò yege. Ohun tí mo lè sọ ni pé ó ń dé iwájú aṣọ́lé, a kò sì tíì fún un ní àyè rí.

Ẹni tó ń tiraka náà ní ojúṣe tirẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ fi "ọjọ́ tèmi ń bọ̀" ṣe ìrọ̀rí. Iṣẹ́ kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í kà sí góòlù: kí èèyàn sáré padà wá ran àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn lọ́wọ́, kí ó fi ara dí róbà, kí ó gba ìlukúlù níwájú àwọ̀n láìkúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá pa ìwọ̀nyí tì nítorí pé góòlù kò wá, òun fúnra rẹ̀ ló ti ilẹ̀kùn mọ́ oríire.

Ìdáhùn mi ni pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tó ń tàsé lè di atamátàsé, bí kò tilẹ̀ dá wa lójú pé yóò dà á. Nítorí pé ó lè rí bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní ẹ̀tọ́ láti pa ìwé rẹ̀ dé. Nítorí pé kò dájú, a kò gbọ́dọ̀ fi ìlérí tàn án jẹ. Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, kí ẹ tó béèrè iye góòlù tí ọmọ kan gbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun méjì: Níbo ni ó ń dúró sí? Ta ni ó ń gbé róbà fún un?