Orin Tó Dára Jù Lọ Lọ́dún: Ta Ni Adájọ́?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa lọ́kùnrin àti lóbìnrin, bí ọdún bá ti ń lọ sópin, àwọn lámèyítọ́ orin ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa to àwọn àwo tó jáde lọ́dún náà, wọn a ní èyí ló ṣe ìkíní, èyí ló ṣe ìkejì. Kì í pẹ́ tí ìjà fi ń bẹ́. A ti rí ọ̀rẹ́ méjì tí wọ́n bú ara wọn lórí irú ìwé bẹ́ẹ̀, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì tíì gbọ́ ìdajì àwo tí wọ́n ń jà lé lórí. Ọ̀rọ̀ bóyá orin àti ìlù tọ́ fún Mùsùlùmí tàbí kò tọ́, àwọn alfa ti sọ ọ́ títí, a kò jókòó lé e lónìí. Ohun tí a fẹ́ bi ara wa ni pé, nígbà tí ènìyàn bá ní "èyí ló dára jù lọ", ṣé ohun tó wù ú ló sọ ni, àbí ẹ̀rí ló jẹ́?

Lójú tiwa, ẹ̀rí ni. Bí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ràn àmàlà ju iyán lọ, kò sẹ́ni tó lè pè é ní òpùrọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kò sí àmàlà tó dùn tó ti ìyá kan báyìí ní gbogbo Ìbàdàn, ẹ jẹ́ kí á bi í pé ìsọ̀ mélòó ló ti jẹun rí.

Àwọn kan yóò ní ẹnu kálukú ló mọ ohun tó dùn mọ́ ọn. Èsì ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Ibn Sallam al-Jumahi, tó to àwọn akéwì Lárúbáwá ní ìpele-ìpele ní nǹkan bí 1,200 ọdún sẹ́yìn, ròyìn ọkùnrin kan tó sọ fún Khalaf al-Ahmar pé bí ewì bá ti dùn mọ́ òun, òun kò ka ohun tí Khalaf àti ẹgbẹ́ rẹ̀ bá sọ sí. Khalaf bi í pé bó bá gba owó fàdákà tó wù ú, tí ẹni tó ń pààrọ̀ owó wá ní ayédèrú ni, àǹfààní wo ni wíwù tó wù ú yóò ṣe é? Nítorí náà, a kò ní fojú tẹ́ńbẹ́lú àwọn lámèyítọ́. Ẹni tó fi ogún ọdún tẹ́tí sí orin yóò gbọ́ ohun tí etí tiwa fò.

Ṣùgbọ́n owó ọjà tirẹ̀ ni ẹni tó ń pààrọ̀ owó mọ̀. Ẹ gbé owó ẹyọ síwájú rẹ̀ wò.

Ìwé ìròyìn Village Voice ní New York ṣe irú ìdìbò ọdọọdún yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún láti àwọn ọdún 1970 wá, Pazz & Jop ni wọ́n pè é. Máàkì 100 ni olùdìbò kọ̀ọ̀kan ń pín fún àwo mẹ́wàá. Àwo kan kò gbọdọ̀ gbà ju 30 lọ, kò sì gbọdọ̀ gbà tó dín sí 5. Ètò náà gún. Síbẹ̀ ohun tí kò dé etí olùdìbò kò lè gba máàkì kan. Ní 1982, Juju Music ti King Sunny Adé bọ́ sí àárín àwọn àwo iwájú nínú ìdìbò náà, nítorí pé ilé iṣẹ́ Island gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn. Nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Sunny ti fi ní ẹgbẹ́ tirẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́ ọ.

Ti Rolling Stone tún yéni jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2003 wọ́n to 500 àwo tí wọ́n ní ó ga jù lọ ní gbogbo ìgbà, Sgt. Pepper's ti àwọn Beatles sì ṣe ìkíní. Ní 2020 wọ́n tún un dì, àwọn olùdìbò lé ní 300: What's Going On tí Marvin Gaye ṣe ní 1971 gba ipò kìíní, ti àwọn Beatles bọ́ sí 24. Fela kò sí nínú ti 2003. Ní 2020, àwo kan tó ṣe ní 1975 (a kò ní dárúkọ rẹ̀, orúkọ náà kò yẹ ojú ìwé yìí) wà ní ipò 402, àkójọ orin àtijọ́ Sunny sì wà ní 465. Àwo Fela kò kọ orin mìíràn láàárín ọdún mẹ́tàdínlógún yẹn. Àwọn tí wọ́n pè wá jẹ́rìí ló yàtọ̀.

Ohun tó ká wa lára ni pé àwọn ọ̀dọ́ kan wà tí wọn kò ka orin Sunny sí nígbà tí bàbá wọn ń gbọ́ ọ ní pálọ̀, àfìgbà tí ará Amẹ́ríkà fún un ní nọ́ńbà. Kò sí fújì kankan nínú ìwé 2020 náà, fújì tí Sikiru Ayinde Barrister gbé jáde láti inú wéré tí wọ́n fi ń jí àwọn aláàwẹ̀ fún sàárì. Ṣé kí á wá gbà pé fújì kò dára ni? Àbí kí á bú àwọn olùdìbò? Ìkejì yìí ni ọ̀pọ̀ ń ṣe, kò sì tọ́. Ẹlẹ́rìí tí kò mẹ́nu kan ohun tí kò rí kò purọ́. Àkọlé ni ẹ̀rí náà ti di èké, níbi tí wọ́n ti ní "ní gbogbo ìgbà". Bí wọ́n bá kọ "nínú èyí tí àwa gbọ́", a kì bá tí rí nǹkan wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé ìròyìn náà lè má tà.

Àwa tí a wá gbọ́ fújì àti àpàlà, ẹ̀rí tiwa dà? Harun al-Rashid ní Bàgídáádì pàṣẹ fún àwọn olórin mẹ́ta, Ibrahim al-Mawsili, Ibn Jami àti Fulayh, kí wọ́n ṣa 100 orin fún òun. Wọ́n tún ṣà wọ́n kù sí mẹ́wàá, lẹ́yìn náà sí mẹ́ta. Nígbà tí al-Isfahani ń kọ Kitab al-Aghani, ìròyìn tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò bára mu lórí orin mẹ́ta tí wọ́n yàn gan-an. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó sì dárúkọ ẹni tó gbọ́ èyí lẹ́nu rẹ̀ àti ẹni tó gbọ́ tọ̀hún.