Ṣé Ẹni Tó Sanra Púpọ̀ Lè Ní Ara Líle?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lẹ́ẹ̀kan yìí bẹ̀rẹ̀ láti orí àṣìṣe tí èmi fúnra mi ṣe. Nítorí náà, èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ bá wí kí ẹ tó bá ẹlòmíràn wí.

Ní ọdún tó kọjá, Ẹgbẹ́ wa pinnu láti lọ kí àwọn ìyá tó ń gbé nínú ilé orí omi ní Makoko. Ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ni a ó wọ̀ débẹ̀. Nígbà tí a ń to orúkọ àwọn tí yóò lọ, a kan orúkọ arábìnrin wa kan tó sanra gan-an, tó jẹ́ pé òun nìkan ló máa ń gba àyè ẹni méjì lórí ìjókòó. Èmi ni mo sọ pé kí á fi í sílẹ̀, pé ara rẹ̀ kò lè gbà á, pé ó tilẹ̀ lè da ọkọ̀ dé. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. A kò mọ̀ pé ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ń gbọ́ wa.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ó bá wa dé etí omi, kò sì sí ẹni tó láyà láti dá a padà. Ọmọkùnrin tó yẹ kó wa ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ náà kò tíì dé. Arábìnrin yìí fún ìró rẹ̀ mọ́dìí, ó mú àjẹ̀, ó sì wa ọkọ̀ náà lọ. Àṣé àdúgbò yẹn ni wọ́n bí i sí. Láti kékeré ló ti ń bá ìyá rẹ̀ yan ẹja, títí di òní olónìí ló sì ń la igi, tó ń ru agbọ̀n ẹja, tó ń dúró nídìí iná láti òwúrọ̀. Bí ogún ìṣẹ́jú ló fi wa ọkọ̀, tó ń bá wa sọ̀rọ̀, tó ń kọrin, kò sì mí hẹlẹhẹlẹ. Èmi tí mo tẹ́ẹ́rẹ́, nígbà tí mo gun àkàbà dé ilé kejì, mo ní láti jókòó kí èémí mi tó padà bọ̀ sípò.

Àwọn àgbà ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Ọjọ́ náà ni mo bi ara mi léèrè bóyá ohun tí ojú rí lára ènìyàn tó láti fi dá a lẹ́jọ́.

Ẹ jẹ́ kí a ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀. Sísanra jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀rá tó wà lára. Ara líle jẹ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró àti iṣan lè ṣe kí ó tó rẹ̀ wọ́n. Àwọn onímọ̀ ìlera ní ìṣirò kan tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó sanra lápọ̀jù, èyí tó ń fi ìwọ̀n ènìyàn wé gíga rẹ̀. Nípa ìṣirò yìí, obìnrin tó ga ní mítà 1.60 ti wọ ẹgbẹ́ àwọn tó sanra lápọ̀jù bí ìwọ̀n rẹ̀ bá tó kílò 77. Ìṣirò náà wúlò, ṣùgbọ́n kò mọ ìyàtọ̀ láàrin ọ̀rá àti iṣan, kò sì mọ̀ bóyá ẹni náà lè gun àtẹ̀gùn.

Ọ̀rọ̀ awakọ̀ àti kọ̀ńdọ́kítọ̀, tí àwa ará Èkó mọ̀ dáadáa, lè là wá lóye níhìn-ín. Ní 1953, dókítà kan ní London tó ń jẹ́ Jeremy Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde nípa àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì ti ìlú náà. Awakọ̀ a máa jókòó lójú kan. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ a máa gun àtẹ̀gùn sókè sódò láti gba owó ọkọ̀. Wọ́n rí i pé àrùn ọkàn ń mú awakọ̀ ju kọ̀ńdọ́kítọ̀ lọ. Ẹnì kan lè ní bóyá nítorí pé awakọ̀ sanra jù ni. Ní 1956, wọ́n wo ìwọ̀n ìbàdí ṣòkòtò iṣẹ́ tí wọ́n rán fún wọn. Lóòótọ́, ti awakọ̀ fẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi ẹni tó sanra wé ẹni tó sanra, tí wọ́n fi ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ wé ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́, ikú òjijì ṣì pọ̀ láàrin awakọ̀ ju kọ̀ńdọ́kítọ̀ lọ. Iṣẹ́ tí ara ń ṣe ní èrè tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ní Dallas ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, olóògbé Steven Blair, tí òun fúnra rẹ̀ sanra bó tilẹ̀ jẹ́ pé eléré sísá ni, bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin wò lórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rìn lójú kan. Àbájáde tí wọ́n gbé jáde ní 1999 fi hàn pé ikú kò tètè mú àwọn tó sanra tí ara wọn le tó bó ṣe ń mú àwọn tó tẹ́ẹ́rẹ́ tí ara wọn kò le.

Bí ó bá sì jẹ́ ti agbára apá, ẹ rántí ọmọ Nàìjíríà wa, Josephine Orji. Ní ìdíje Paralympics ti Rio ní 2016, ní ẹ̀ka àwọn obìnrin tí ìwọ̀n wọn ju kílò 86 lọ, ó dùbúlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti irin kílò 160 sókè, ó sì gba góòlù. Ìyẹn ju àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta lọ.

Nítorí náà, ìdáhùn ìbéèrè wa ni bẹ́ẹ̀ ni: ẹni tó sanra púpọ̀ lè ní ara líle. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan náà ní Makoko, arábìnrin wa kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì mú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru dání, ó sì wò gbogbo wa. Tèmi dára. Ti arábìnrin tó wa ọkọ̀ jẹ́ 168 lórí 102. Nọ́ọ̀sì ní kó sinmi, ó tún un wò, ó ṣì ga. Arábìnrin wa ní, "Ṣebí ara mi le?" Nọ́ọ̀sì ní, "Ó le lóòótọ́ o, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé."

Òótọ́ ló sọ. Ní 2004, àbájáde ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí àwọn nọ́ọ̀sì obìnrin tó lé ní 116,000, tí wọ́n ti ń tọ́jú àkọsílẹ̀ wọn fún ọdún 24. Wọ́n fi àwọn tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì ń ṣe eré ìdárayá ṣe òṣùwọ̀n. Ewu ikú àwọn tó tẹ́ẹ́rẹ́ ṣùgbọ́n tí wọn kì í ṣe eré ìdárayá fi ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún ju tiwọn lọ. Ti àwọn tó sanra lápọ̀jù ṣùgbọ́n tí wọ́n ń ṣe eré ìdárayá fi ìdá 91 jù ú lọ. Ti àwọn tó sanra lápọ̀jù tí wọn kì í sì í ṣe é fi ìdá 142 jù ú lọ. Ìwádìí yìí àti ti Dallas kò fẹnu kò lórí èyí tó burú jù, bóyá nítorí pé ní Dallas, orí ẹ̀rọ ni wọ́n ti dán ara wò, nígbà tó jẹ́ pé àwọn nọ́ọ̀sì ló fi ọwọ́ ara wọn kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe eré ìdárayá tó. Ṣùgbọ́n wọ́n fẹnu kò lórí ohun kan: bó ti wù kí ènìyàn sanra tó, tàbí kó tẹ́ẹ́rẹ́ tó, ó sàn kí ara rẹ̀ máa ṣiṣẹ́. Àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìrora orúnkún ṣì máa ń tẹ̀lé ọ̀rá púpọ̀, pàápàá ọ̀rá inú ikùn. Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, arábìnrin wa sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi tí kò tíì kúrò ní ọkàn mi. Ó ní, "Ẹ̀yin Mọ̀mọ́, láti ọdún mẹ́wàá tí mo ti wà nínú Ẹgbẹ́ yìí ni ẹ ti ń fi ara mi ṣẹ̀fẹ̀. Kò sí ẹnì kan nínú yín tó sọ fún mi rí pé, jẹ́ ká jọ lọ wo ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ."

Ẹ̀yin ìyá, níbẹ̀ ni ẹ̀bi wa wà. Ọ̀nà méjì ni a fi ń ṣẹ ẹni tó sanra. Àwọn kan ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní ọ̀lẹ tàbí alájẹkì ni, láìmọ iṣẹ́ tó ń ṣe láti ìdájí. Àwọn mìíràn ń pọ́n ọn, wọ́n á ní ara rẹ̀ dá, pé owó ti dé. Bó bá sì gba ìmọ̀ràn dókítà tó fọn díẹ̀, àwọn kan náà ni yóò máa bi í pé kí ló dé, ṣé kò sí wàhálà nílé? Ẹni tó ń ṣe yẹ̀yẹ́ àti ẹni tó ń pọ́nni, ojú lásán ni àwọn méjèèjì ń lò. Wòlíì Sámúẹ́lì pàápàá fẹ́ fi gíga Élíábù yan ọba, Olúwa sì dá a dúró.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe àtúnṣe. Kí a má ṣe yọ orúkọ ẹnikẹ́ni kúrò nínú iṣẹ́ Ẹgbẹ́ nítorí bí ara rẹ̀ ṣe rí. Òun ni kí a bi bó bá lè ṣe é. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó kéré tán, kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ṣe ohun tó ń mú ọkàn ṣiṣẹ́, bí ìrìn kíákíá. Bí o bá lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí o kò lè kọrin bí o ti ń rìn, ìrìn náà tó. Kí tẹ́ẹ́rẹ́ má ṣe sọ pé òun kò nílò rẹ̀, kí sísanra má ṣe sọ pé ó ti bọ́ lọ́wọ́ òun. Kí gbogbo wa sì máa lọ wo ẹ̀jẹ̀ ríru wa.

Arábìnrin wa ń lo oògùn rẹ̀ báyìí, ó sì ń gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ dókítà. Ọjọ́ Sátidé ni èmi àti òun jọ máa ń rìn láti Makoko dé Yaba. Òun ló máa ń dúró dè mí.